Kí Omi Kún Dírọ́ọ̀mù Kí Bulíìṣì Tó Kan Orí

Ọ̀sán Sátidé kan ni, ní ṣọ́ọ̀bù onídìrí kan n'Íbàdàn. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló fẹ́ kí irun òun dà bíi wúrà, èmi ni mo sìn ín lọ. Àǹtí onídìrí da ìyẹ̀fun búlúù sínú abọ́ ike, ó da omi inú ìgò lé e, ó rò ó títí ó fi ki bí ògì tutù, ó sì fi búrọ́ọ̀ṣì kùn ún láti ìdí irun, láti ìpàkọ́ bọ̀ wá síwájú. Kò tíì tó ogún ìṣẹ́jú tí ọmọ náà fi ní, "Àǹtí, ó ń ta mí gan-an o." Àǹtí rẹ́rìn-ín: "Bí kò bá ta ọ́, a jẹ́ pé kò tíì mú un." Nígbà tí omijé bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ lójú rẹ̀, wọ́n ní kó wá ṣan án. Wọ́n ṣí ẹ̀rọ omi, atẹ́gùn ló fẹ́ jáde. Kò síná látàárọ̀, wọn ò rí omi fà sókè. Wọ́n rán ọmọọṣẹ́ sí kànga ilé kejì pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì; ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ń fẹsẹ̀ jan ilẹ̀, Àǹtí ń fi páálí fẹ́ ẹ lórí bí ẹni ń sun àgbàdo. Ìyá tó ń ta píọ̀ wọ́tà níwájú ṣọ́ọ̀bù ló gbà wá. Ọ̀rá mọ́kànlá la já sí i lórí kí ó tó lè mí kanlẹ̀.

Irun náà yọ wúrà níbì kan, ó pọ́n bí irin tó dípẹtà níbòmíràn, egbò mẹ́ta sì wà ní ìpàkọ́. Láti ọjọ́ náà, bí ẹnikẹ́ni bá bi mí bóyá ilé ló sàn kí èèyàn ti bulíìṣì irun rẹ̀ tàbí sàlúùn, mo máa ń dá a lóhùn pé ìbéèrè náà kò tíì délé. Sàlúùn la wà lọ́jọ́ náà, owó la san. Ohun tó ya bulíìṣì tó dára sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tó di egbò ni ẹni tó mọ ìgbà tó yẹ kó dáwọ́ dúró, tí omi tí yóò fi dá a dúró sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ yẹ̀ wò nìyí, láti orí ìtàn dé orí ìyẹ̀fun inú abọ́.

Yíyọ àwọ̀ yàtọ̀ sí fífi àwọ̀ kún un

Ẹ jẹ́ ká ya ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀. Bíbó ara kọ́ là ń sọ. Ti awọ nìyẹn, ẹjọ́ tirẹ̀ wà lọ́tọ̀. Dáì náà kọ́ ni bulíìṣì. Ẹni tó dáì irun rẹ̀ fi àwọ̀ kún un, bí aláró ṣe ń ri aṣọ sínú ìkòkò. Ẹni tó bulíìṣì ń yọ àwọ̀ tí a bí mọ́ irun náà. Fífi àwọ̀ kún ara kò ṣàjèjì sí wa: a mọ aró, a mọ osùn, a mọ laali; ẹfun, osùn àti wájì ni wọ́n fi ń kun orí ìyàwó òrìṣà. Yíyọ àwọ̀ irun ni kò bá wa dàgbà. Àwọn àgbà ní, "Ewú logbó, irùngbọ̀n làgbà, máamú làfojúdi." Síbẹ̀ ewú yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ bàbá ń fi dáì bò mọ́lẹ̀ lónìí, nígbà tí ọmọ wọn ń sanwó kí tirẹ̀ lè funfun.

Ọ̀dọ̀ àwọn òyìnbó ni iṣẹ́ yìí ti wá. Oòrùn ni wọ́n gbára lé nígbà kan rí. Ní Venice, ní nǹkan bí irínwó ọdún ó lé díẹ̀ sẹ́yìn, àwọn obìnrin a máa jókòó sórí pákó tí wọ́n tẹ́ sókè òrùlé, wọ́n á dé fìlà tí wọ́n ti gé àárín rẹ̀ kúrò, wọ́n á fa irun yọ láti ibẹ̀, wọ́n á sì jẹ́ kí oòrùn pa á. Cesare Vecellio ya irú obìnrin bẹ́ẹ̀ sínú ìwé tó ṣe lórí aṣọ wíwọ̀ ní 1590. Ní 1818 ni Louis Jacques Thénard, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ṣàwárí haidirojíìnì pẹrọ́sáìdì. Nígbà tó di 1867, níbi ìpàtẹ ńlá tó wáyé ní Paris, Thiellay tó wá láti London àti Hugot, ará Paris, fi han àwọn èèyàn pé omi yìí lè sọ irun dúdú di wúrà. Ní 1909, Eugène Schueller dá ilé iṣẹ́ tó wá di L'Oréal sílẹ̀. Láti ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti kúrò lọ́wọ́ oòrùn bọ́ sínú ìgò.

Ẹni tó bá wo bọ́ọ̀lù Ife Àgbáyé 1998 kò ní gbàgbé bí àwọn agbábọ́ọ̀lù Romania ṣe jáde lọ́jọ́ kan tí gbogbo orí wọn pọ́n bí ẹyin adìyẹ, tàbí bí irun dídì Taribo West tiwa ṣe ní àwọ̀ ewé. Lónìí, kò sí àdúgbò ńlá kan n'Ílùú Èkó tí onígbàjámọ̀ rẹ̀ kò lè fi orí wúrà rán ọmọkùnrin jáde láàárín wákàtí kan. Orí wúrà náà kò sì ṣàìkó èèyàn sí wàhálà. Lásìkò ìfẹ̀hónúhàn EndSARS ní oṣù kẹwàá 2020, lára ohun tí àwọn ọ̀dọ́ fi sùn ni pé irun tí wọ́n dáì tàbí dàda tí wọ́n dá ti tó kí àwọn ọlọ́pàá kan fi pè wọ́n ní ọmọ yàhúù. Ìyẹn ewu ojú títì. Èyí tó wà nínú abọ́ ni mo fẹ́ padà sí.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú irun

Irun ní ìpẹ́ bí ẹja. Ìpẹ́ yìí ló bo inú rẹ̀, inú yẹn sì ni mẹlanínì, ohun tó ń fún irun láwọ̀, fara pamọ́ sí. Èròjà tó dà bí omi eérú tó wà nínú ìyẹ̀fun bulíìṣì ló ń ṣí ìpẹ́ náà sílẹ̀. Pẹrọ́sáìdì tó wà nínú omi ìgò, tí wọ́n ń pè ní dẹfẹ́lọ́pà, á wọlé, á sì fọ́ mẹlanínì túútúú. Ohun tó ń ràn án lọ́wọ́ nínú ìyẹ̀fun ni àwọn iyọ̀ tí wọ́n ń pè ní pẹsọ́féètì. Àwọn ló ń mú kí bulíìṣì lágbára ju dáì lọ, àwọn náà ló sì ń mú kí awọ ara àwọn onídìrí kan máa yún wọn, tí wọ́n sì lè fa ásímà bí èèyàn bá ń fa ìyẹ̀fun náà símú lójoojúmọ́.

Oríṣi mẹlanínì méjì ló wà: èyí tó dúdú àti èyí tó pọ́n. Èyí tó dúdú ló ń tètè túká. Èyí tó pọ́n a máa ṣagídí. Ìdí nìyẹn tí irun dúdú kì í fi í fò lẹ́ẹ̀kan náà sí funfun. Á kọ́kọ́ pọ́n bí osùn, á di àwọ̀ ọsàn, á di òféèfèé, kí ó tó wá dà bí inú èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀. Àwọn onídìrí máa ń ka ipele yìí láti 1 dé 10. Irun tiwa sábà máa ń wà ní 1 tàbí 2. Inú èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni 10. Lẹ́yìn 10, kò sí àwọ̀ kankan tó kù láti yọ mọ́. Irun fúnra rẹ̀ ni bulíìṣì ń jẹ. Tónà ni wọ́n máa ń fi parí iṣẹ́: èyí tó ní àwọ̀ àlùkò a máa pa òféèfèé, èyí tó ní búlúù a máa pa àwọ̀ ọsàn. Nítorí náà, ẹni tó fẹ́ wúrà tó ṣókùnkùn díẹ̀, kí ló ń wá dé ipele kẹwàá? Kò sí ìdí tí yóò fi yọ ju ohun tó nílò lọ.

Nọ́ńbà tó wà lára ìgò dẹfẹ́lọ́pà kì í ṣe ọ̀ṣọ́. 10 jẹ́ ìdá 3 pẹrọ́sáìdì nínú 100, 20 jẹ́ ìdá 6, 30 jẹ́ ìdá 9, 40 jẹ́ ìdá 12. Ohun tí 20 túmọ̀ sí ni pé lítà kan omi náà lè tú 20 lítà afẹ́fẹ́ ọ́síjìn jáde. Ìdá 12 yìí ni òfin ilẹ̀ Yúróòpù fi ṣe òpin fún ohun tí a ń fi sí irun. Àwọn kan máa ń bèèrè 40 nítorí pé wọ́n fẹ́ kó yá. Ní ilẹ̀ olóoru bíi tiwa, 20 tó fún ohun tó bá máa kan awọ orí. "Ohun tí a fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a fagbára mú ní í ń le koko."

Irun tiwa

Irun tó ká kò rí bí irun tó nà. Gbogbo ibi tó ti ṣẹ́ kọ́rọ́ ló ti ṣe ẹlẹgẹ́. Òróró tí awọ orí ń pèsè kì í sì í tètè rìn dé ṣóńṣó rẹ̀, nítorí náà ó ti gbẹ kí bulíìṣì tó kàn án. Fi rẹlásà kún un wò. Kẹrátíìnì ló di irun mú, bí òpó ṣe di ilé mú. Rẹlásà ti ṣẹ́ lára òpó wọ̀nyí kí irun lè nà. Bulíìṣì á tún bá èyí tó kù wí. Ilé tí wọ́n bá yọ òpó rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kò ní pẹ́ wó. Èrò tèmi ni pé ẹni tí rẹlásà wà lórí rẹ̀ kò gbọdọ̀ bulíìṣì. Kí ó dúró kí irun tuntun hù, ìyẹn bíi sẹ̀ǹtímítà kan lóṣù, kí ó gé ti àtijọ́ kúrò, kí ó tó dá a lábàá.

Ọ̀tá mìíràn tún wà tí a kì í fojú sí: omi bọ́ọ̀hòlù tó ń fi àwọ̀ ìpẹtà sílẹ̀ lára bọ́kẹ́ẹ̀tì. Irin inú omi bẹ́ẹ̀ a máa lẹ̀ mọ́ irun, bí pẹrọ́sáìdì bá sì pàdé irin, ìjà wọn a le. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn dáì dúdú àti laali àdàlù tó ní iyọ̀ irin nínú: irun lè gbóná lójijì, kó sì já. Ìdí kan náà ló fi yẹ ká lo abọ́ ike, ká má lo agolo tàbí abọ́ irin.

Àwọn ọmọkùnrin tó ń gé irun wọn mọ́lẹ̀ ní àǹfààní kan: ohun tó bá bàjẹ́, kílípà yóò gbé e lọ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ṣùgbọ́n tiwọn ni bulíìṣì ti ń jókòó sórí awọ gan-an, lọ́pọ̀ ìgbà lójú ẹsẹ̀ tí abẹ àti kílípà ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò níbẹ̀. Kí wọ́n gé e lónìí, kí wọ́n kùn ún ní ọjọ́ mélòó kan sí i.

Ilé àbí sàlúùn?

Àwọn tó fẹ́ ilé ní ẹ̀rí tiwọn. Owó kéré, kò sí ẹni tó ń lé wọn, wọ́n sì mọ ohun tó ti gba orí wọn kọjá. Ṣùgbọ́n abẹ tó mú kì í gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Ta ló lè rí ìpàkọ́ ara rẹ̀? Ibi tí ojú kò ti ríran ni bulíìṣì ti ń pọ̀ jù tàbí tí ó ti ń kéré jù. Ẹni tó bá máa ṣe é nílé, kí ó wá ẹnì kejì, àǹtí tàbí ọ̀rẹ́, tó lè dúró sẹ́yìn rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Sàlúùn ní ojú tó ríran àti ọwọ́ tó ti mọ iṣẹ́. Àléébù tirẹ̀ ni èrò. Onídìrí kan lè ní orí márùn-ún níwájú lọ́sàn-án Sátidé. Ó kun tìrẹ, ó bọ́ sídìí ẹlòmíràn, ó fi ọ́ sílẹ̀ fún ọmọọṣẹ́ tí kò mọ̀ ju kó wo aago lọ. Mo tún ti rí ibi tí wọ́n ti da dẹfẹ́lọ́pà sínú ìgò tí kò ní orúkọ, kò ní nọ́ńbà, kò ní nọ́ńbà NAFDAC. Ẹ má tijú láti bèèrè nǹkan mẹ́rin kí ẹ tó jókòó: Nọ́ńbà wo ló wà lára ìgò yẹn? Ta ni yóò máa wo irun mi? Ṣé ẹ máa kọ́kọ́ dán an wò lára ìdì kan? Ṣé omi wà? Onídìrí tó mọṣẹ́ yóò fi ìbéèrè wọ̀nyí mọ̀ pé oníbàárà gidi ló dé. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n nìkan ló máa bínú.

Ọ̀rọ̀ kan tí n kò ní fi bọpo bọyọ̀ sọ: bulíìṣì tí a fi ń fọṣọ, irú Hypo àti Jik, kò gbọdọ̀ kan irun. Orúkọ nìkan ló pa wọ́n pọ̀. Ohun inú ti ìfọṣọ a máa yọ́ irun fúnra rẹ̀ ni, á sì jó awọ. Bí ó bá dà pọ̀ mọ́ àmóníà, èéfín olóró ló ń yọ jáde.

Bí ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe ń ṣe é

Ìpalẹ̀mọ́ ti ń bẹ̀rẹ̀ kí ọjọ́ náà tó kò. Bí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tú irun dídì, tí a ti họ orí títí, ká fi orí náà sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì kí ojú ọgbẹ́ lè san. Ní wákàtí 48 ṣáájú, ká fi díẹ̀ lára ohun tí a fẹ́ lò, àti tónà tàbí dáì tí yóò tẹ̀ lé e, sẹ́yìn etí tàbí sí igun apá bí ìwé inú páálí bá ṣe wí. Bí ó bá yún, tó lé ròrò tàbí tó wú, ọ̀rọ̀ ti tán nìyẹn. Ká tún gé ìdì irun kékeré láti ibi tí kò hàn, ká bulíìṣì rẹ̀ nìkan, ká sì fi aago sí i. Ìdì yẹn ni yóò sọ ìṣẹ́jú mélòó tí irun náà gbà àti àwọ̀ tí yóò yọ. Ká má fọ orí lọ́jọ́ náà tàbí lọ́jọ́ tó ṣáájú. Òróró ara orí ni asà àkọ́kọ́.

Lọ́jọ́ iṣẹ́, omi ló ṣáájú. Bọ́kẹ́ẹ̀tì tó kún, méjì tàbí mẹ́ta, kí ẹnikẹ́ni tó já ọ̀rá ìyẹ̀fun, àní bí ẹ̀rọ omi bá tiẹ̀ ń ṣàn. Ká ṣí fèrèsé. Ká wọ ìbọ̀wọ́. Ká fi fasilíìnì pa iwájú orí, etí àti ẹ̀yìn ọrùn. Bí wọ́n bá ní kí ìyẹ̀fun jẹ́ ìwọ̀n kan, kí dẹfẹ́lọ́pà jẹ́ ìwọ̀n méjì, ká wọ̀n ọ́n. Ká má fojú díwọ̀n ọn bí iyọ̀ ọbẹ̀.

Ẹ kíyè sí ibi tí Àǹtí ọjọ́sí ti ṣìṣe. Láti ìdí irun ló ti bẹ̀rẹ̀. Ooru orí a máa mú kí ìdí irun yára ju àárín rẹ̀ lọ. Nítorí náà àárín àti ṣóńṣó la ń kọ́kọ́ kùn, ìdí la ń fi parí. Ká pín irun sí mẹ́rin, ká máa gbé e ní pẹlẹbẹ tín-ín-rín, kí ó rẹ dáadáa. Ká má gbé orí sábẹ́ diráyà. Lẹ́yìn ìyẹn, iṣẹ́ ojú ló kù. Ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún, ká nu ìdì kan mọ́, ká wò ó. Bí ó bá ti dé àwọ̀ tí a ń wá, ká ṣan án, kì báà jẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló lò. Bí àkókò inú páálí bá pé tí kò sì tíì dé ibẹ̀, ká ṣan án bákan náà. Kí ó di ọjọ́ mìíràn, ó kéré tán ọ̀sẹ̀ méjì sí i. Irun dúdú tó fẹ́ funfun kì í dé ibẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo.

"Bí kò bá ta ọ́, kò tíì mú un" irọ́ ni. Kí ó yún díẹ̀ lè ṣẹlẹ̀. Kí ó ta, kí ó gbóná, kí ó máa jó, orí ló ń sọ pé ó tó. Àloku tó bá ṣẹ́ kù sínú abọ́, ká dà á nù. Ẹni tó bá dé e pa mọ́ sínú ìgò fún ọjọ́ mìíràn, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ yóò wú u títí ìgò náà yóò fi bẹ́.

Bí ó bá jó orí, omi tútù tó ń ṣàn ni oògùn àkọ́kọ́, fún ogún ìṣẹ́jú. Má fi ẹyin, ògì tàbí ọṣẹ ìfọyín sí i. Bí ó bá ta sí ojú, ká ṣan ojú náà fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ká sì máa lọ sí ilé ìwòsàn. Bí orí bá lé ròrò, bí ojú tàbí ètè bá ń wú, tàbí bí mímí bá ń ṣòro, ká má dúró rí ẹnikẹ́ni: ilé ìwòsàn ni lójú ẹsẹ̀.

Lẹ́yìn ọjọ́ náà

Irun tó ti gba bulíìṣì kò ní padà sí bó ṣe wà. Ẹ fa okùn rẹ̀ kan nígbà tó tutù: bí ó bá nà díẹ̀ tó sì padà, ó ṣì lágbára, bí ó bá ń yọ̀ bí ewédú tí kò sì padà, ó ti kọjá ààlà, àlùmọ́gàjí ló kù tí yóò wò ó. Àwọn ohun èlò bíi Olaplex, tó jáde ní 2014, wọ́n lè ran irun lọ́wọ́ kó má já púpọ̀, wọn kò lè jí òkú irun. Òróró àgbọn wúlò: ìwádìí Rele àti Mohile tó jáde ní 2003 fi hàn pé ó ń dín bí irun ṣe ń pàdánù ohun inú rẹ̀ kù, àní irun tí bulíìṣì ti bà jẹ́ pàápàá. Ká dín ìfọ̀ kù, ká máa fi kọ̀ǹdíṣọ́nà sí i, ká yẹra fún irin gbígbóná, ká má sì kó irun náà lọ dì le koko lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Irun tí bulíìṣì kò já, dídì le lè fà á tu láti etí iwájú orí.

Àwọn kan wà tí wọ́n ní kí ló dé tí a fi ń ṣe gbogbo wàhálà yìí. Àtàṣímẹ́ǹtì aláwọ̀ wúrà wà lọ́jà, wíìgì wà, a lè dé e lónìí ká ṣí i lọ́la. N kò lè bá wọn jiyàn. Fún ẹni tí irun rẹ̀ gbẹ, tí ásímà ń yọ lẹ́nu, tí rẹlásà ṣì wà lórí rẹ̀, tàbí tó jẹ́ ọmọdé, ọ̀nà yẹn ni mo máa tọ́ka sí. Àmọ́ ẹni tó bá fẹ́ kó jẹ́ irun orí òun gan-an, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni. Kí ó kàn mọ̀ pé ohun tí òun ń yọ kò ní padà, àfi kí irun mìíràn hù.

Oṣù mẹ́jọ lẹ́yìn ọjọ́ píọ̀ wọ́tà náà, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tún ní òun fẹ́ wúrà. Lọ́tẹ̀ yìí, ó ti gé irun àtijọ́ kúrò, ilé mi la sì ti ṣe é. Mo gbé nọ́ńbà 20 àti ìwọ̀n jáde, mo fa àga sẹ́yìn rẹ̀. Kí n tó nawọ́ sí ìyẹ̀fun, ó dìde lọ sí ẹ̀yìnkùlé fúnra rẹ̀. Ó ṣí ìdérí dírọ́ọ̀mù, ó ti ọwọ́ bọ inú rẹ̀ títí dé ìgunpá, ó wá padà wá jókòó. Ó ní, "Ẹ lè bẹ̀rẹ̀."